Ẹni tí ó Ni Ọ̀nà: Adé Love, Kúnlé Afọláyan àti Bí Fíìmù Yorùbá Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Òǹwòran

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí fíìmù Yorùbá ni ó dá lórí kókó-ọ̀rọ̀, ìfìwàwẹ̀dá, ìlò èdè àti àwọn àṣà tí ó jẹ yọ nínú wọn. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n fíìmù yàtọ̀ sí ewì tí akéwì lè ké lábẹ́ igi láìná kọ́bọ̀. Owó ni ó ń bí i, ọjà ni ó ń tọ́ ọ dàgbà, bí kò bá sì sí ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ òǹwòran, inú páálí ni yóò kú sí. Olóòtú ni ẹni tí ó wá owó fíìmù, tí ó sì ni ín. Alágbàtà ni ẹni tí ó gbé e rọjà. Nínú ìtàn sinimá Yorùbá, ẹnì kan náà ni ó sábà máa ń ru ẹrù méjèèjì, ohun tí ẹrù yìí sì ṣe sí àwọn fíìmù fúnra wọn kò tíì gba àyè tí ó tọ́ sí i nínú lámèyítọ́ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkè-Ògùn gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, fíìmù Aníkúlápó jáde sí gbogbo ayé lórí Netflix. Ìgbòjaye, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ni Kúnlé Afọláyan ti ya á, nínú abúlé tí ó kọ́ fún iṣẹ́ fíìmù. Ẹni tí ó wà ní London tàbí São Paulo tí ó sì ń san owó oṣooṣù fún ilé-iṣẹ́ náà lè wò ó ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Àgbẹ̀ tí ó wà ní Ṣakí, tí kò ní fóònù tí ó lè gbé e, tí kò sì ní owó dátà, kò lè wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tí ó mọ̀ bí ẹni mowó ni ó wà nínú àwòrán náà. Ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, bàbá Kúnlé, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, wà lára àwọn òṣèré tí ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ sinimá kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà.

Ìrìn bàbá àti ọmọ yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ni ọ̀nà tí fíìmù ń gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ni ó máa ń ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí fíìmù náà yóò sọ, èdè tí yóò fi sọ ọ́ àti ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Tíọ́rì ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀, tí ó gbà pé iṣẹ́ ọnà kò lè dá dúró láìsí àwùjọ tí ó bí i, ni ó bá irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ mu.

Adé Love: ẹni tí ó ń tẹ̀lé fíìmù rẹ̀

Ọdún 1940 ni wọ́n bí Adéyẹmí Afọláyan ní Àgbamù, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ní 1966, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèré Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá. Ní 1971, ó kúrò láti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún márùn-ún yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlá kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń kọ́ eré nìkan. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń pa òǹwòran tí ó ti rẹ̀ nínú oko lẹ́rìn-ín, bí a ti ń mọ̀ pé ó ti sú wọn, àti bí a ti ń ka owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, fíìmù tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Adé Love sì ni ó ṣe Àjàní. Àwọn ènìyàn tú jáde láti wò ó. Ohun tí Adé Love rí níbẹ̀ ni pé àwọn òǹwòran eré-orí-ìtàgé tí òun ti ń ṣeré fún kiri lè di òǹwòran sinimá bí ẹnì kan bá gbé sinimá tọ̀ wọ́n lọ ní èdè wọn. Fíìmù tí ó tẹ̀lé e, Ìjà Òmìnira, fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá owó rẹ̀. Ó wá pe Ọlá Balógun láti darí rẹ̀. Ipò ti yí padà: òṣèré àná di ẹni tí ó gba olùdarí síṣẹ́. Inú ìwé ìtàn-àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, tí ó jáde ní 1969, ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Kò yani lẹ́nu pé ìtàn àwọn ènìyàn tí ó bọ́ lọ́wọ́ aninilára ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olówó ara rẹ̀ yàn láàyò. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ti ṣe Kádàrá, tí ó kọ, tí ó sì ṣe olóòtú rẹ̀. Taxi Driver (1983) àti Ìyá Ni Wúrà (1984) tẹ̀lé e.

Ó yẹ kí a mọ irú ọjà tí ó wọ̀. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1972 láti fi àwọn òwò kan sí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà kan àwọn ilé sinimá, ṣùgbọ́n fíìmù Íńdíà, ti Hong Kong àti ti Amẹ́ríkà ni ó ṣì ń kún ojú aṣọ funfun wọn. Olówó pọ́ọ́kú ni àwọn fíìmù àjèjì wọ̀nyẹn jẹ́ fún ẹni tí ń fi wọ́n hàn, nítorí pé wọ́n ti rí owó wọn padà níbòmíràn kí wọ́n tó dé Èkó. Fíìmù Yorùbá kò ní ibòmíràn. Ní òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù náà, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Ẹ̀dà kan ṣoṣo wọ́n níye lórí. Bí olóòtú bá gbé ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lé onílé sinimá lọ́wọ́ tí ó sì padà sílé, kò sí ohun tí yóò fi mọ iye ènìyàn tí ó wọlé wá wò ó, kò sì sí ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá wọ́n ti dà á kọ ní òru.

Èyí ni ó mú kí Hubert Ògúndé, Adé Love, Bàbá Sàlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa tẹ̀lé fíìmù wọn bí ìyá ṣe ń tẹ̀lé ọmọ. Wọ́n ń gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, òtẹ́ẹ̀lì àti pápá ìṣeré. Ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ sinimá ni ó ń gbé jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò ti kọ́kọ́ yí ìlú ká ní ọ̀sán láti kéde; ìyàwó, ọmọ tàbí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ṣe é fọkàn tán ni yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti gba owó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ìlú mìíràn. Àwọn aláríwísí kan ti fi ojú ohun tí kò tíì gòkè àgbà wo ètò yìí. Ojú yẹn kò ríran jìnnà. Ọ̀nà aláàrìnjó ni, ọ̀nà tí àwọn apidán láti Ọ̀yọ́ ti là sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ sinimá, tí Ògúndé sì tún ṣe nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ohun tí àwọn olóòtú yìí ṣe ni pé wọ́n fi ọgbọ́n àtijọ́ dáàbò bo ẹrù tuntun.

Ọgbọ́n náà sì hàn nínú fíìmù wọn. Òǹwòran tí yóò san owó lẹ́ẹ̀kan ní ẹnu ọ̀nà kò dá wá; ó mú ìyá, ọmọ àti ọ̀rẹ́ dání. Fíìmù tí yóò tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rín, orin, ìjà, ọfọ̀ àti ẹkún. Ìdí nìyí tí àwọn fíìmù ìgbà náà fi ń gùn, tí ìtàn wọn fi ń yà sí ibi tí ẹni tí ó kọ́ ọnà fíìmù ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò pè ní àṣìṣe. Àwọn òṣèré kò sábà gba ìwé eré sọ́wọ́. Olórí ẹgbẹ́ ń sọ ìtàn fún wọn, wọ́n sì ń fi ẹnu ara wọn hun ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá tí ó ti ibẹ̀ jáde kún fún àwàdà, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àti àdàpè tí kò sí ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Kò sì sí ìdí láti túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó san owó ni ó gbọ́ ọ. Lóòótọ́, Kádàrá dé àjọ̀dún fíìmù tí wọ́n ṣe ní Tashkent fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Tashkent ni ó ní lọ́kàn nígbà tí ó ń ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé dídùn ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀dà fíìmù kan láti ìlú dé ìlú kò lè wà ní ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, owó dúró. Bí fíìmù bá já tàbí tí ó bá họ, gbèsè ni. Ẹ̀rí tí ó burú jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá. Ọ̀run Mooru (1982) ni ó ná owó púpọ̀ lé. Àwọn olè dà á kọ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì ń fi ẹ̀rọ sinimá gbé e lọ láti ìlú dé ìlú. Gbèsè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Láti ọjọ́ náà, kò sí olóòtú kan tí kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tí òun ń ṣọ́ kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí fíìmù lè gbà jáde.

Àárín méjì

Ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ, fífọ fíìmù ní òkè òkun sì di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Fídíò gba ipò. Àwọn alágbàtà ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó di ọba. Àwọn ni ó ń yá olóòtú lówó, àwọn ni ó ń sọ òṣèré tí àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára páálí, àwọn ni ó sì mọ̀ pé ìtàn tí a bá pín sí apá kìíní àti apá kejì ń pa owó ìlọ́po méjì. Olóòtú padà di alágbàṣe nínú ilé tirẹ̀. Adé Love kú ní 1996, nígbà tí ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Túndé Kèlání ni afárá láàárín ìgbà méjèèjì. Òun ni ó ya àwòrán fún Taxi Driver àti Ìyá Ni Wúrà. Ní 1991 ó dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀, ó sì gbìyànjú láti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìdúmọ̀tà nípa títa fíìmù rẹ̀ fúnra rẹ̀, àti lẹ́yìn náà nípa gbígbé sinimá alágbèéká lọ bá àwọn ènìyàn ní àdúgbò wọn. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ni Kúnlé Afọláyan ti kọ́kọ́ fara hàn gẹ́gẹ́ bí òṣèré. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ni nígbà náà. Àfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀ kọ́ ni ó gbà wọ ilé. Abẹ́ kámẹ́rà ẹni tí ó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni.

Láti Aráròmirè dé orí Netflix

Ìràpadà (2006) ni fíìmù tí Kúnlé kọ́kọ́ ṣe olóòtú rẹ̀. The Figurine, tí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá jẹ́ Aráròmirè, jáde ní 2009, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún níbi ètò AMAA ti 2010, títí kan ti fíìmù tí ó dára jù lọ. Ní 2014, Adéṣínà Afọláyan ṣe olóòtú odidi ìwé ìmọ̀ kan, Auteuring Nollywood, tí fíìmù kan yìí jẹ́ òpó rẹ̀. Ìwọ̀nba ni fíìmù Nàìjíríà tí ó rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí iṣẹ́ yìí ń wá kiri wà níbòmíràn, nínú bí ó ṣe tà á. Kúnlé kọ̀ láti sáré gbé Aráròmirè fún àwọn alágbàtà fídíò. Àwọn ilé sinimá tuntun tí ó ti ń yọjú ní àwọn ìlú ńlá láti ìgbà tí Silverbird ti ṣí tirẹ̀ ní Victoria Island ní 2004 ni ó gbé e lọ, ó sì ń fi fíìmù náà hàn níbi àjọ̀dún àti àkànṣe ìpàdé ní ilé àti ní òkè òkun fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó jẹ́ kí ó di àwo. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Adé Love yóò rí i pé ìṣesí bàbá ni ọmọ ń tún ṣe: má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dà kúrò lójú rẹ.

Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Ilé sinimá inú ọjà ìgbàlódé kì í ṣe gbọ̀ngàn ìlú. Òǹwòran ibẹ̀ kéré ní iye, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Onílé sinimá mú tirẹ̀ nínú owó náà, alágbàtà mú tirẹ̀, èyí tí ó kù ni ti olóòtú. Nítorí náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi gba iwájú nínú Aráròmirè, tí Yorùbá sì wá di èdè ìdílé, èdè ìbínú àti èdè ohun àràmàǹdà. Phone Swap (2012) lo èdè púpọ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ràn án lọ́wọ́. October 1 (2014), tí ó sọ ìtàn ìlú kan ní ọdún òmìnira, tóbi ju gbogbo èyí tí ó ti ṣe ṣáájú lọ. Kò sí èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ yẹpẹrẹ nínú wọn. Síbẹ̀, bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ni Wúrà, ó hàn pé bàbá àti ọmọ kò bá ènìyàn kan náà sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wà ní Ṣakí tàbí Kíṣì ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ní 2021, Kúnlé bá Netflix fọwọ́ sí ìwé fún fíìmù mẹ́ta. Swallow, láti inú ìwé Ṣẹ̀fi Attà, àti A Naija Christmas jáde ní ọdún náà. Aníkúlápó ni ẹ̀kẹta. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí irú àdéhùn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni pé kí olóòtú fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù, kí ó sì yá Netflix fún iye ọdún kan. Bí ọdún náà bá pé, fíìmù padà sọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kí Netflix san owó iṣẹ́ kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nínú èyí, olóòtú kò jẹ gbèsè, kò sá fún olówó èlé, ó sì lè kọ́ ààfin tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san owó ni ó ń sọ ọjọ́ tí fíìmù yóò jáde, ibi tí yóò jáde sí àti iye ìgbà tí yóò wà níbẹ̀. Irú èkejì yìí ni ó gbé Aníkúlápó dé ayé.

Aníkúlápó ní Ìgbòjaye

Sàró, ahunṣọ òfì, wọ Ọ̀yọ́ láti wá iṣẹ́. Obìnrin olówó kan, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, gbà á sílé, ó sì ràn án lọ́wọ́ títí aṣọ rẹ̀ fi dé ààfin. Níbẹ̀ ni òun àti Arọ́lákẹ́, àbíkẹ́yìn olorì Aláàfin, ti kó sínú ìfẹ́ èèwọ̀. Wọ́n lù ú pa nígbà tí àṣírí tú. Ẹyẹ àkàlà wá láti jí i dìde, Arọ́lákẹ́ sì gba àdó tí agbára àjíǹde wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹyẹ náà. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn, Sàró ń jí òkú, ó lówó, ó fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, ó gbàgbé ẹni tí ó fún un ní ìyè. Ní ọjọ́ tí ó béèrè ọmọ ọba gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, Arọ́lákẹ́ ti mú agbára náà lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ gba ojú ni ilẹ̀. Ògiri amọ̀, òrùlé koríko, eruku pupa àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀dàn tí ó tẹ́ rẹrẹ kò jọ Ọ̀yọ́ tí àwọn fíìmù àgbéléwò máa ń kọ́ sí ẹ̀yìn ilé ní Èkó. Ní ilẹ̀ tí ó sún mọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, tí igbó ti pòórá tí pápá sì bẹ̀rẹ̀, ìtàn ìgbà tí ẹṣin ń sáré ní ìtumọ̀. Owó tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, òtítọ́ sì ni pé kò sí gbọ̀ngàn ìlú kan tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè san án.

Ibi tí fíìmù náà ti ṣe aláìní ni ó fi ọwọ́ ẹni tí ó san owó hàn. Òfì ni iṣẹ́ Sàró, Ìṣẹ́yìn tí ó jẹ́ orírun aṣọ òfì kò sì jìnnà sí Ìgbòjaye. Ènìyàn ìbá retí pé kí òfì di ohun tí a ó fi mọ ọkùnrin yìí: ìkẹ́kẹ́, ọ̀kọ̀, ohùn òfì, orúkọ aṣọ bí ẹtù, sányán àti àlàárì, sùúrù ẹni tí ń hun ìwọ̀nba gígùn kan lóòjọ́. Òfì yọjú níbẹ̀rẹ̀, ó sì gbé Sàró dé ààfin. Láti ibẹ̀, ó di ohun ìgbàgbé. Ahunṣọ di oníṣẹ́ ìyanu láìsí pé owú kan já. Àbùkù ìtàn ni èyí, nítorí pé bí òǹwòran kò bá mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ Sàró, ìwọra rẹ̀ yóò dà bí ìwà tí ó wọ̀ ọ́ lójijì. Òǹwòran Ìṣẹ́yìn ìbá béèrè nípa òfì náà. Òǹwòran tí kò rí òfì rí kò ní béèrè.

Èdè ni ìkejì. Yorùbá tí wọ́n sọ nínú Aníkúlápó mọ́, ó gún, kò sì sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń já lù ú. Ìgboyà gidi ni èyí fún ẹni tí ó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fíìmù fún ìlú ńlá. Ó sì jọ ohun ìyàlẹ́nu pé ilé-iṣẹ́ àjèjì ni ó dá a padà sí èdè bàbá rẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń dúró de ẹni tí ń túmọ̀. Òwe pọ̀, èyí tí ó bá sì ṣòro láti túmọ̀ kò sí níbẹ̀. Àwàdà kéré púpọ̀. Nínú ààfin tí ó kún fún olorì, ìlàrí àti onílù, a ò gbọ́ ìyánu orogún tí ń fi orin sọ̀kò ọ̀rọ̀, a kò sì gbọ́ kí akígbe ààfin fi oríkì dá ènìyàn dúró fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà fún kíkà ní ìsàlẹ̀ àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọ̀rọ̀ tí ó wà fún gbígbọ́.

Arọ́lákẹ́ ni ẹ̀dá-ìtàn tí ó ṣe rẹ́gí jù. Bímbọ́ Adémóyè kò pariwo; ojú rẹ̀ ni ó fi ń ṣírò. Òun ni ó gba àdó, òun ni ó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ni ó sì gbà á padà. Sàró kàn ń lò ó ni. Láti ìgbà tí ó ti jíǹde, kò sí ohun kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ògo tí ó ń gbé kiri, ọjọ́ tí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ bá sì bínú, ògo náà parí. Kò dájú pé olùdarí ní ìtàn ara rẹ̀ lọ́kàn nígbà tí ó ń ṣe èyí, lámèyítọ́ kò sì gbọ́dọ̀ fi dandan lé e. Síbẹ̀, ó ṣòro láti wo fíìmù olóòtú aládàáni kan tí ilé-iṣẹ́ ńlá san owó rẹ̀ kí ọkàn má lọ síbẹ̀, pàápàá nígbà tí Amazon, ẹlẹgbẹ́ Netflix, dédé dá owó iṣẹ́ tuntun dúró ní Áfíríkà ní oṣù kìíní ọdún 2024, tí àwọn olóòtú tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e sì ń wo ojú ara wọn.

Ẹnu ọ̀nà

Bí ọ̀rọ̀ bá dé kíláàsì, ìṣòro náà di ti olùkọ́. Aníkúlápó gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tí ó dára jù lọ níbi AMVCA ti 2023, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wò ó. Báwo ni yóò ṣe wò ó? Kò sí àwo rẹ̀ tí ilé-ìkàwé lè rà. Àkáǹtì ẹnì kan kò fún un ní àṣẹ láti fi í han kíláàsì. Ẹ̀dà tí ó ń lọ láti fóònù sí fóònù jẹ́ olè jíjà, ó sì lòdì sí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022. Ti Adé Love tún yàtọ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìjà Òmìnira. Ẹni tí ó ṣọ́ ẹ̀dà rẹ̀ dáadáa kò ṣe é lọ́pọ̀, ètò ìpamọ́ tí ó yẹ kí orílẹ̀-èdè ní kò sì dúró dè é. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mẹ́wàá láìfojú kàn án. Fíìmù tí olóòtú rẹ̀ ni ọ̀nà kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Èyí tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ayé kò sí lọ́wọ́ olóòtú rẹ̀. Ibi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ fún àṣẹ ìfihàn nínú kíláàsì, kí ó san ohun tí ó bá yẹ, kí ó sì fi ìwé àṣẹ náà pa mọ́ sí ilé-ìkàwé bí ó ti ń fi ìwé ìtàn-àròsọ pa mọ́.

Ohun kan wà tí Netflix kò gbé lọ. Lẹ́yìn Aníkúlápó, Kúnlé kò wó ohun tí ó kọ́ sí Ìgbòjaye. Ó sọ ọ́ di abúlé fíìmù àti ibi ìgbafẹ́, ó sì ń bá a lọ láti lò ó. Nígbà tí Aníkúlápó ẹlẹ́sẹẹsẹ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024, tí Sàró tún padà wá, ojú àwọn tí ó mọ àdúgbò náà kò ṣàì dá ògiri amọ̀ mọ̀. Olóòtú tí kò ní ilé sinimá, tí kò sì ni íntánẹ́ẹ̀tì, ti ra ilẹ̀. Àlejò tí ó bá wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó láti sùn níbẹ̀, tí ó fẹ́ rí ààfin tí ó ti wò nínú fóònù, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti san owó rẹ̀.